Ta ló ń tọ́jú iṣẹ́ tí jíìnì rán nígbà tí kóró sẹ́ẹ̀lì bá ti jáde?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta èlò ọbẹ̀ ní Bódìjà, n'Ìbàdàn:

"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 13, SS ni. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lóṣù tó kọjá, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé retics rẹ̀ jẹ́ 12 nínú 100. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kọ́ bàókẹ́mísírì ní yunifásítì ní sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ṣì kéré ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ní kò ní kóró nínú mọ́, síbẹ̀ ó ṣì ń ṣe haemoglobin, àti pé purotéènì kan tó ní KH ló ń bá a tọ́jú iṣẹ́ tí jíìnì rán. Kò yé mi. Bí kóró tí jíìnì wà nínú rẹ̀ bá ti lọ, ta ló ń pàṣẹ? Kí ni KH yìí? Ṣé oògùn rẹ̀ wà tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi á fi máa tó? Ẹnìkan ti ń sọ fún mi pé kí n máa ra oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin fún un."

Ìdáhùn:

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, mà. Ọlọ́run á wò ó dàgbà fún yín. Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ, ó kàn jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà jìn ju ohun tí èèyàn lè là yé ìyá rẹ̀ nídìí ọjà lọ. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé àyẹ̀wò tó wà lọ́wọ́ yín, torí pé ohun tí ẹ ń béèrè gan-an ni ẹni tó ka retics ọmọ yín fojú rí.

Bí wọ́n ṣe ń kà á nìyí. Onímọ̀ láàbù á po ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ pọ̀ mọ́ aró búlúù kan tó ń jẹ́ new methylene blue nínú túùbù kékeré, á gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà á kán ẹ̀kán kan sórí gíláàsì, á fà á kó lè tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á jẹ́ kó gbẹ, á kán òróró lé e, á wá fi máíkíróskóòpù wò ó. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti gbó á mọ́ lásán, kò ní sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àmọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú mùdùnmúdùn eegun jáde, ẹ ó rí okùn búlúù wẹ́wẹ́ tó lọ́ mọ́ra nínú rẹ̀. Nínú òmíràn á pọ̀, nínú òmíràn á ti ku tóótòòtó méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn tó ní búlúù yẹn ni wọ́n ń kà. Nínú ẹni tára rẹ̀ le, wọn kì í sábà ju 2 tàbí 3 lọ nínú 100.

Ti ọmọ yín jẹ́ 12 torí pé sẹ́ẹ̀lì SS kì í pẹ́ láyé. Sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tó jẹ́ AA ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120, ti SS sábà ń lo ọjọ́ 10 sí 20 péré. Mùdùnmúdùn eegun rẹ̀ ń sáré kó lè dí àyè àwọn tó kú, ó ń tú ọ̀dọ́ síta kí wọ́n tó gbó. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí 12 yẹn já yín láyà, eegun tó ń ṣiṣẹ́ kára ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ ká máa ṣọ́ ni kí iye yẹn já wálẹ̀ lójijì, kí ojú àti àtẹ́lẹwọ́ ọmọ máa funfun, kó sì máa rẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Okùn búlúù yẹn, RNA ni, òun àti àwọn ẹ̀rọ tíntìntín tó ń ka RNA tí à ń pè ní ráíbósómù. Aró ló kó wọn jọ tí wọ́n fi hàn sójú. Ìdáhùn ìbéèrè yín àkọ́kọ́ wà níbẹ̀: kóró ti lọ, àmọ́ RNA ò tíì lọ.

Inú kóró sẹ́ẹ̀lì ni jíìnì ń gbé, kì í sì í jáde níbẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ ṣe purotéènì kan, á ṣe àdàkọ jíìnì rẹ̀ sára RNA, àdàkọ yẹn á jáde kúrò nínú kóró, ráíbósómù á sì máa kà á lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta, á máa so ásíìdì àmínò kan mọ́ òmíràn títí purotéènì á fi pé. RNA òjíṣẹ́ là ń pe àdàkọ yìí. Haemoglobin tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀ ní okùn purotéènì mẹ́rin, alpha méjì àti beta méjì, kálukú ló sì ní jíìnì tirẹ̀ àti RNA tirẹ̀. Inú jíìnì beta ni àléébù tó ń fa fòníkúfọ̀ladìde wà, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yàtọ̀ níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé alpha ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó kù máa dá lé.

Sẹ́ẹ̀lì pupa ń ti kóró tirẹ̀ síta kó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Àyè tó ṣí sílẹ̀ ló ń kó haemoglobin sí, nǹkan bí mílíọ̀nù 270 nínú sẹ́ẹ̀lì kan, ara rẹ̀ á sì rọ̀ tó láti fún ara rẹ̀ kọjá nínú iṣan tó tóóró ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Àmọ́ iṣẹ́ ò tíì parí lọ́jọ́ tí kóró jáde. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta haemoglobin rẹ̀ ni wọ́n ṣì máa ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn, kò sì sí jíìnì nílé mọ́ tó lè rán òjíṣẹ́ tuntun. Àwọn òjíṣẹ́ tó ti jáde tẹ́lẹ̀ ló máa jẹ́ iṣẹ́ náà títí á fi tán.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn sí mi jù, mà. RNA kì í sábà pẹ́ láyé. Sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ń mọ̀ọ́mọ̀ gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí iṣẹ́ àná má baà di ti òní lọ́wọ́. Òjíṣẹ́ mìíràn kì í ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, òmíràn á lo wákàtí díẹ̀. Ti alpha haemoglobin ń lò ju ọjọ́ kan lọ, nínú sẹ́ẹ̀lì tó kún fún ohun tó ń gé RNA. Ohun tó bá wà láàyè níbi tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kú, ẹnìkan ló dì í mú.

Ẹni náà ni purotéènì tí à ń pè ní PCBP, òun ni ẹ̀gbọ́n ọmọ yín ní ó ní KH. Ẹbí ni wọ́n, PCBP1 àti PCBP2 la mọ̀ jù nínú wọn, apá KH mẹ́ta mẹ́ta ló sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ara purotéènì mìíràn tó ń jẹ́ hnRNP K ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá apá yìí mọ̀, ní ọdún 1993, nínú láàbù Gideon Dreyfuss ní Philadelphia, l'Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ KH ti ara K yẹn wá. Látìgbà náà, ibi gbogbo tí a bá yẹ̀ wò la ti ń rí i: nínú èèyàn, nínú ewéko, nínú ìwúkàrà. Àní nínú bakitéríà, ọ̀kan lára àwọn purotéènì tó ń gbé ráíbósómù ró ní KH lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí tirẹ̀ ṣe ká yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa. Nǹkan tó bá wà lọ́dọ̀ gbogbo ẹ̀dá báyìí ti dáyé tipẹ́tipẹ́.

Apá KH kò tóbi. Nǹkan bí 70 ásíìdì àmínò ló so kọ́ra láti ṣe é. Tó bá ká ara rẹ̀ tán, ibi mẹ́ta á lọ́, ibi mẹ́ta á tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pàlàpálá tóóró kan á sì wà láàárín. Inú pàlàpálá yìí ni RNA ń wọ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ RNA tó wà ní okùn kan ṣoṣo, tí kò lọ́ mọ́ ẹlòmíràn, lẹ́tà mẹ́rin péré ló sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Inú pàlàpálá náà kò fẹ́ràn omi, lẹ́tà RNA náà kò sì fẹ́ràn omi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fara mọ́ra. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni ìkọ́ kékeré kan wà tí ásíìdì àmínò mẹ́rin ṣe: glycine, méjì tó lè jẹ́ èyíkéyìí, glycine. GXXG la máa ń kọ ọ́. Glycine ló kéré jù nínú gbogbo ásíìdì àmínò, kò ní ohunkóhun tó yọ síta lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí eegun ẹ̀yìn RNA fi ráyè sún mọ́ ìkọ́ náà pẹ́kípẹ́kí. Bí a bá fi aspartate rọ́pò méjì àárín yẹn, apá KH náà á ṣì ká bó ṣe yẹ, àmọ́ kò ní lè di RNA mú mọ́. Ọ̀nà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa fi ń mọ iṣẹ́ tí KH kan ń ṣe nìyẹn: wọ́n á pa á lẹ́nu mọ́ láìba ilé rẹ̀ jẹ́, wọ́n á wá wo ohun tó máa dáwọ́ dúró nínú sẹ́ẹ̀lì.

Lẹ́tà mẹ́rin kò tó nǹkan. RNA ní oríṣi lẹ́tà mẹ́rin, A, C, G àti U, tí a bá sì to mẹ́rin mẹ́rin nínú wọn, ọ̀nà 256 péré ló wà. Nínú òjíṣẹ́ tó gùn tó ẹgbẹ̀rún lẹ́tà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé èyíkéyìí tí ẹ bá ń wá máa wà níbìkan, àti lára ẹgbàágbèje òjíṣẹ́ mìíràn tí kò kàn yín. KH kan ṣoṣo kò lè tipa bẹ́ẹ̀ dá ẹni tirẹ̀ mọ̀, ìdìmú rẹ̀ kò sì le, ó ń dì í, ó ń tú u ni. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ìdí tí PCBP fi ní mẹ́ta nìyẹn. Nígbà tí KH mẹ́ta bá jọ di ojú mẹ́ta mú lára òjíṣẹ́ kan náà, tí ọ̀kan bá yọ̀, méjì á ṣì wà níbẹ̀ títí èkíní á fi padà. Òjíṣẹ́ tó ní gbogbo ojú tí wọ́n ń wá nìkan ni wọ́n máa dúró tì pẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sábà máa ń há GXXG sórí, wọ́n á sì fo èyí dá. Bó bá jẹ́ tèmi ni, èyí ni mo fẹ́ kí wọ́n gbé lọ sílé.

C ni PCBP fẹ́ràn jù nínú lẹ́tà mẹ́rin náà. RNA alpha haemoglobin ní ìrù kan lẹ́yìn àmì tó ń sọ fún ráíbósómù pé kó dúró. Ráíbósómù kì í ka ìrù yìí, kò sí àṣẹ ásíìdì àmínò kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá fojú fẹ́rẹ́ wò ó lè rò pé ọ̀rọ̀ òfo ni. Àmọ́ C pọ̀ níbẹ̀ lójú mélòó kan, ibẹ̀ sì ni PCBP ń jókòó lé. Ó ń fi ìjókòó yẹn ṣe nǹkan méjì. Ó ń bo ojú ibi tí ohun tó ń gé RNA nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ì bá ti gé e, ó sì ń bá purotéènì tó ń ṣọ́ lẹ́tà A tó tò gbọọrọ ní ìparí òjíṣẹ́ náà fọwọ́ sowọ́ pọ̀, kí A wọ̀nyẹn má baà tètè jẹ tán. Ibẹ̀ ni ikú ọ̀pọ̀ òjíṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Báwo la ṣe mọ̀? Wọ́n da RNA tí kò ní ju C lọ sínú túùbù tí RNA alpha wà pẹ̀lú oje sẹ́ẹ̀lì. PCBP sá lọ bá C tó pọ̀ rẹpẹtẹ yẹn, ó fi RNA alpha sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí RNA alpha fi ń jẹ. Àyẹ̀wò tó rọrùn, tó sì dá mi lójú. Àmọ́ ẹ̀rí tó wà lára èèyàn wà níwájú ti inú túùbù.

Ní ọdún 1971, àwọn onímọ̀ ìṣègùn kọ̀wé nípa haemoglobin àjèjì kan tí wọ́n rí lára ìdílé Ṣáínà kan tó ń gbé ní Constant Spring, ní Kingston, orílẹ̀-èdè Jamaica. Wọ́n fi orúkọ àdúgbò náà pè é. Okùn alpha tiwa ní ásíìdì àmínò 141, ti àwọn yẹn ní 172. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lẹ́tà kan yí padà nínú àmì ìdúró: UAA di CAA. CAA kò sọ pé kí ráíbósómù dúró, ó ní kó so ásíìdì àmínò kan kún un. Ráíbósómù ò dúró, ó wọ inú ìrù tí kì í kà, ó ń so ásíìdì àmínò kún un lọ títí ó fi di 31, kó tó kan àmì ìdúró mìíràn.

Ásíìdì àmínò 31 tó lé yẹn kọ́ ni wàhálà ibẹ̀ gan-an. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú ibi tí PCBP jókòó sí ni ráíbósómù gbà kọjá, ó sì ti PCBP dànù. Òjíṣẹ́ tí kò ní ẹni tó dì í mú mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì náà ṣì kéré pátápátá, tí kóró ṣì wà nílé, RNA náà ò tíì dínkù púpọ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe ń dàgbà lọ sí ìgbà tí kóró máa jáde ni ó ń di àwátì. Alpha kì í tó mọ́, àìtó ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní alpha thalassaemia á sì dé. Ẹ wò ó, mà: jíìnì wà, ó pàṣẹ, wọ́n ṣe àdàkọ àṣẹ náà, ó sì jáde. Ọ̀nà ni iṣẹ́ náà kú sí. Ìdí tí mo fi sọ pé ìbéèrè ẹ̀yin gan-an, "ta ló ń pàṣẹ", kò kéré nìyẹn. Ẹni tó pàṣẹ wà lọ́tọ̀, ẹni tó ń jẹ́ kí àṣẹ pẹ́ nílẹ̀ wà lọ́tọ̀, ikú tàbí ìyè sẹ́ẹ̀lì sì lè wà lọ́wọ́ ẹnìkejì yìí.

Kí n tètè fi kún un pé Constant Spring kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, apá gúúsù ìlà oòrùn Éṣíà ló pọ̀ sí. Àìtó alpha tó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, jíìnì alpha tó sọnù ló ń fà á, kò kan PCBP. Ẹni tó bá sì ní SS tó tún ní irú àìtó alpha yìí, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í fọ́ tó ti àwọn SS yòókù.

Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan ni KH ń ṣiṣẹ́ fún, ó tilẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀tá. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà n'Ìbàdàn mọ rọpárọsẹ̀, ẹ mọ àwọn tó ń fi ọwọ́ wọ́ ara wọn lọ létí ọ̀nà. RNA òjíṣẹ́ ni gbogbo ogún tí fáírọ́ọ̀sì rọpárọsẹ̀ ní láyé, nǹkan bí lẹ́tà 7,500. Tó bá wọ sẹ́ẹ̀lì, á kọ́kọ́ gé purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gba òjíṣẹ́ tirẹ̀ wọlé sọ́dọ̀ ráíbósómù, kí ráíbósómù lè ṣẹ́ kù fún òun nìkan. Àmọ́ fáírọ́ọ̀sì náà kò ní irú fìlà tí òjíṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì ń dé sórí kó tó lè wọlé sọ́dọ̀ ráíbósómù, kò sì lè dá wọlé. PCBP2 ló ń bá a wá ọ̀nà: apá KH rẹ̀ á di ibìkan mú ní orí RNA fáírọ́ọ̀sì náà, ráíbósómù á sì gòkè.

Ìṣòro kan wá kù fún un. Láti orí dé ìrù ni ráíbósómù ń ka RNA. Láti ìrù dé orí ni ẹ̀rọ tó ń ṣe àdàkọ RNA fún fáírọ́ọ̀sì ń rìn. Wọn kò lè jọ wà lójú ọ̀nà kan náà láìforí gbárí. Fáírọ́ọ̀sì náà ní purotéènì kan tó ń gé nǹkan. Tí purotéènì yìí bá ti pọ̀ tó, á gé PCBP2 láàárín KH kejì àti ẹ̀kẹta. PCBP2 tí KH kẹta rẹ̀ ti já kò lè mú ráíbósómù gòkè mọ́, àmọ́ èyí tó ṣẹ́ kù ṣì lè di orí RNA náà mú kí àdàkọ lè bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gé kúrò tó fi di ti iṣẹ́ mìíràn. N'Ìbàdàn níbí, ní Ẹ̀ka Ìmọ̀ Fáírọ́ọ̀sì tó wà ní UCH, ni ọ̀kan nínú láàbù méjì tí Nàìjíríà fi ń ṣọ́ rọpárọsẹ̀ wà, èkejì wà ní Maiduguri. Iṣẹ́ irú wọn àti ti àwọn tó ń kán oògùn sọ́mọ lẹ́nu láti ojúlé dé ojúlé ló jẹ́ kí wọ́n lè kéde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé oríṣi rọpárọsẹ̀ tó wà látayébáyé ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nínú kíláàsì, n ó sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn níbí.

Ọ̀kan yòókù tó yẹ kí n mẹ́nu bà wà nínú ọpọlọ. Purotéènì tó ń jẹ́ FMRP ní KH, ó sì ń di òjíṣẹ́ mú níbi tí iṣan ọpọlọ kan ti ń bá òmíràn sọ̀rọ̀, kí wọ́n má baà kà á kí àkókò tó tó. Ọdún 1991 ni wọ́n rí jíìnì rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àrùn rẹ̀, tí à ń pè ní fragile X, lẹ́tà CGG ló ń tún ara rẹ̀ kọ níwájú jíìnì náà ju ìgbà 200 lọ, jíìnì á sì dákẹ́. Ọmọ, pàápàá ọkùnrin, á máa ṣòro fún láti kẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ ní ọdún 1993, wọ́n kọ nípa ọkùnrin kan tí jíìnì tirẹ̀ kò dákẹ́ rárá. Ásíìdì àmínò kan ṣoṣo, ìkẹrìnlélọ́ọ̀ọ́dúnrún, ló yí padà, àárín KH kejì rẹ̀ sì ni ó bọ́ sí. Àìsàn tirẹ̀ le ju ti àwọn yòókù lọ. Purotéènì wà, ọwọ́ rẹ̀ ni kò lè di nǹkan mú. Ó ń dùn mí gan-an pé ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa tí a kàn ń pè ní olódo, tí ẹnikẹ́ni ò ronú pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò.

Ó wá ku oògùn. Mà, kò sí oògùn kankan tó ń bá KH tàbí PCBP ṣiṣẹ́ fún SS, bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé àgúnmu tàbí ìgò wá tó ní ó ń tún jíìnì ṣe, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀ yín. PCBP ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó ń tọ́jú òjíṣẹ́ alpha, kò sì sóhun tó ṣe alpha rẹ̀. Beta tirẹ̀ ló ní àléébù, haemoglobin tí beta yẹn wà nínú rẹ̀ ló ń so kọ́ra nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dínkù, tó sì ń sọ sẹ́ẹ̀lì di ẹlẹ́nu dòjé. Èyí tó ti hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ ni hydroxyurea, tó ń mú kí ara tún máa ṣe irú haemoglobin tí ọmọ ń lò nínú oyún, tí kì í so kọ́ra. Ó ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń bá a rìn, nítorí náà dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Tí wọn ò bá tíì bá yín sọ ọ́, ẹ fẹnu ara yín béèrè. Folic acid rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó fò ó, eegun tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀ ń jẹ ẹ́ tán kíákíá.

Ọ̀rọ̀ irin ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, PCBP tún wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2008 ni wọ́n rí i pé PCBP1 kan náà tó ń di RNA mú tún ń gbé irin nínú sẹ́ẹ̀lì, tó ń fà á lé ferritin lọ́wọ́. Ferritin ni àká irin, ọ̀kan ṣoṣo lè gba ẹyọ irin tó 4,500. Wọ́n ń kó o síbẹ̀ torí pé irin tó bá ń rìn kiri lófo nínú sẹ́ẹ̀lì ń ba nǹkan jẹ́. Ara kò sì ní ọ̀nà tó fi ń lé irin tó pọ̀ jù síta. Oúnjẹ kì í fún wa ju miligíráàmù 1 sí 2 lọ lóòjọ́, àmọ́ àpò ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n bá fà síni lára ní nǹkan bí miligíráàmù 200 sí 250. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì SS bá sì fọ́, irin inú rẹ̀ kì í jáde lọ, inú ara náà ló ń wà. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó nítorí SS kò fi dandan jẹ́ ọmọ tí irin rẹ̀ kò tó. Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára rí, irin rẹ̀ tilẹ̀ lè ti pọ̀ jù, ọkàn àti ẹ̀dọ̀ ló sì ń kó sí.

Ẹ má ra oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin náà báyìí. Ẹ sọ fún dókítà ẹ̀jẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀ pé kó ṣe àyẹ̀wò ferritin fún un, ẹ sì sọ iye ìgbà tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Kí wọ́n ṣe é nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, kì í ṣe nínú ìrora tàbí ibà, torí pé ferritin máa ń gòkè nígbà àìsàn láìjẹ́ pé irin pọ̀. Ọmọbìnrin ni, ó sì ti ń dé ọjọ́ orí nǹkan oṣù, nítorí náà irin rẹ̀ lè dínkù lóòótọ́. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò náà sọ, dókítà á kọ irin fún un, iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí á fi lò ó. Ẹ mú ìwé retics tó wà lọ́wọ́ yín dání, kí wọ́n lè fi èyí tí wọ́n bá tún ṣe wé e.